Pátákó Tí Yóò Gbé Ọ Lórí Omi

Ìlàjẹ, Bàrígà,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Tèmítáyọ̀, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ ti dé ọwọ́ wa. Awakọ̀ tí o fi rán ló gbé e dé ìdí ààrò tí ìyá rẹ ti ń yan ẹja. Ìyá rẹ gbọn eérú ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó mú un wá fún mi, ó ní kí n kà á sókè. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. A dúpẹ́ pé ara rẹ le ní Gánà, pé ilé àlejò tí o ti ń dáná létí òkun kò fi iṣẹ́ pa ọ́, àti pé fèrèsé yàrá rẹ kọjú sí omi. Ọmọ tí a bí sétí ọ̀sà, tí ó bá jí tí kò rí omi, ara rẹ̀ kì í balẹ̀.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n káàdì yóò tán kí n tó dé ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Èyí tó tún burú jù ni pé bí mo bá dé ibi tó le lórí fóònù, n óò ní "ó dáa, a óò máa sọ ọ́," n óò sì pa á. Bébà kì í jẹ́ kí ènìyàn sá lọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà jókòó, kí o kà á dé òpin.

O ní àwọn òyìnbó tó ń wá sí ilé àlejò yín a máa so káìtì ńlá mọ́ ìbàdí, wọn a dúró lórí pátákó pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ a sì máa fà wọ́n sáré lórí omi. O ní olùkọ́ wọn ti ń kọ́ ìwọ náà láti oṣù mẹ́rin, ó sì ti ṣèlérí pé bí o bá ní pátákó tìrẹ kí òjò ọdún yìí tó dá, òun yóò gbà ọ́ bí igbákejì òun, o óò sì kúrò nídìí ààrò. Ìròyìn ayọ̀ gidi ni èyí. Lẹ́yìn náà ni o ní obìnrin àlejò kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ fẹ́ ta pátákó tirẹ̀ fún ọ. O yà á sínú lẹ́tà: gígùn rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì méjì, fífẹ̀ rẹ̀ íǹṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, orí àti ìdí rẹ̀ ká sókè. O ní ó lẹ́wà, ó fúyẹ́, obìnrin náà a sì máa fi fò sókè bí ẹja. O wá ní kí èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ọkọ̀ kíkàn wò ó bóyá ó dára.

Àjíkẹ́, pátákó náà dára. N kò rò pé ó dára fún ọ. Má tíì rà á. N óò sọ ìdí rẹ̀ bí ó ṣe ń bọ̀ sí mi lọ́kàn, nítorí n kò ní ọgbọ́n àtitò ó bí olùkọ́.

Èkínní. O kọ gígùn pátákó, o kọ fífẹ̀ rẹ̀, o tilẹ̀ kọ bí obìnrin náà ṣe ga tó. O kò kọ ìwọ̀n ara tìrẹ. Mo yí bébà náà padà bóyá o kọ ọ́ sẹ́yìn. Kò sí níbẹ̀.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Ní àdúgbò yìí, láti ìgbà tí o ti wà ní ọmọ ọdún méje ni wọ́n ti ń pè ọ́ ní ọ̀rọ̀bọ̀. Nígbà tí gbogbo ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ ń fẹ́ jẹ́ lẹ́pa, o kò jẹun alẹ́ fún oṣù méjì gbáko, ìyá rẹ ni ó rí ẹ̀bà rẹ tí o gbé fún ewúrẹ́ aládùúgbò. Ó sọ fún mi nígbà náà. Mo ní kó fi ọ́ sílẹ̀, pé yóò tán nílẹ̀. Ó yẹ kí n ti bá ọ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Egungun ìyá mi ni o gbé wá: obìnrin tó gbòòrò léjìká, tí itan rẹ̀ nípọn, tó ń dá wa ọkọ̀ tó kún fún ẹja lọ sí ọjà nígbà tí ọkùnrin méjì ń wa èyí tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó pè é ní nǹkan kan níbẹ̀ àfi orúkọ rẹ̀.

Omi kì í fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́, Àjíkẹ́. Ó ń wọn ènìyàn ni. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí ẹnìkan bá wá kan ọkọ̀ lọ́dọ̀ mi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni ohun tí ọkọ̀ náà yóò gbé. Ìgbà náà ni mo tó lè mọ bí inú rẹ̀ yóò ti fẹ̀ tó. Pátákó tìrẹ kò yàtọ̀. Ẹni tó bá wúwo nílò èyí tó gùn díẹ̀ tó sì fẹ̀, kí omi lè rí ibi gbé e. Bí ó bá gun èyí tó kéré, yóò máa rì sínú omi títí afẹ́fẹ́ yóò fi le gan-an, yóò wá máa fi agbára fa káìtì láti dìde, ibẹ̀ ni ewu ti ń wá. Ẹni tó fúyẹ́ náà, bí ó bá gun èyí tó tóbi jù, afẹ́fẹ́ yóò gbá a kiri, kò ní lè darí rẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀kan sàn ju èkejì lọ. Obìnrin tó fẹ́ tà á fún ọ tẹ́ẹ́rẹ́. O kọ ọ́ fúnra rẹ. Pátákó rẹ̀ bá a mu.

Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù, dúró lórí òṣùwọ̀n, kí o kọ kílò rẹ sílẹ̀. Mú un lọ bá olùkọ́ rẹ, kí o sì sọ ọ́ jáde ní ẹnu rẹ.

Èkejì jẹ́ ti ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe, èmi ni n óò sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

O mọ̀ pé ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ṣùgbọ́n Òkìtìpupa ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olùkọ́. Ìwé ni mo mọ̀ níbẹ̀. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kí n tó di àjẹ̀ mú, nígbà tí mo dé Bàrígà yìí láti kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn. Ọ̀gá mi ní ọkọ̀ kan tó fẹ̀ bí àtẹ, tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ fi ń kọ́ wíwà. Màmá Àgbà ni a ń pè é. Àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ ń wa ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èmi sì jókòó sínú Màmá Àgbà. Ojú ń tì mí.

Apẹja kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Fẹ́mi, ọkùnrin gbọọrọ, ọkọ̀ rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Nígbà tó fẹ́ kó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó ta ọkọ̀ náà, èmi ni mo sì rà á. N kò tíì lo oṣù mẹ́ta lórí omi. Mo dúró di ọjọ́ tí àwọn obìnrin elẹ́ja pọ̀ létí omi, mo wọ bàtà aláwọ mi, mo sì dúró lóòró sínú ọkọ̀ bí Fẹ́mi ṣe máa ń dúró. Kò tíì rìn tó ibi tí a lè ju òkúta dé tó fi dà mí sómi. Mo gùn ún padà. Ó tún dà mí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin mo jókòó, mo sì wà á dé àárín ọ̀sà, inú mi ń dùn, títí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan fi kọjá. Ìgbì rẹ̀ ló dojú tèmi dé. Mo mu omi púpọ̀. Mo di ìdí ọkọ̀ mú títí apá mi fi kú, kí n tó rí ọ̀gá mi tó ń wa Màmá Àgbà bọ̀.

Kò bá mi wí. Ó fà mí wọlé, ó wà wá dé ìdajì ọ̀nà, ó wá ní, "Ọkọ̀ Fẹ́mi ni o gùn. Ìgbà wo ni ìwọ di Fẹ́mi?"

Ìyá rẹ wà lára àwọn obìnrin tó wà létí omi lọ́jọ́ náà. A kò tíì mọ ara wa. Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ló tó sọ fún mi pé ìṣubú yẹn kò jọ òun lójú. Bàtà aláwọ ló ya òun lẹ́nu.

Ohun tí mo ń sọ ni pé oṣù mẹ́rin ni oṣù mẹ́rin. Ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe lónìí ni kí o fi ra pátákó, má fi ohun tí o fẹ́ mọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ rà á. Èyí tí orí àti ìdí rẹ̀ ká sókè, tó sì kúrú, àwọn tó ń fò ni wọ́n ṣe é fún. Ìwọ ṣì ń kọ́ bí a ṣe ń lọ tí a sì ń padà sí ibi tí a ti gbéra, láì jẹ́ pé afẹ́fẹ́ gbé ọ lọ sí abúlé kejì. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni yóò tètè gbé ọ dìde, yóò sì dúró lábẹ́ rẹ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀. Kò lẹ́wà bí èkejì. Bí o bá mọ̀ ọ́n dáadáa tán, tà á fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí o wá ra èyí tó kéré. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ìyẹn rán mi létí afẹ́fẹ́. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bi àwọn apẹja ibẹ̀ léèrè bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń fẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, má fi ọjọ́ tó dára jù ṣe ìwọ̀n. Bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá sábà máa ń rọ̀, pátákó tó fẹ̀ ni yóò gbé ọ. Èyí tó kéré yóò máa sùn sí kọ̀rọ̀ yàrá rẹ. Kí o tún ti ẹsẹ̀ rẹ bọ ibi tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ sí lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni o ń ya ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fo gọ́tà, kò bá ọ mu, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dára tó.

N kò mọ iye tí mo ti kà mọ́. Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù àtidé láti òwúrọ̀ ni mo dé yìí.

O mọ Bọ̀dá Làsísì tó ń tún síìpù ṣe ní Onípanu, tí ìka méjì kò sí ní ọwọ́ òsì rẹ̀. O mọ̀ pé ọkọ̀ ló dà á. O mọ̀ pé èmi ni mo kan ọkọ̀ náà. Ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ náà, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá rẹ, àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọ onílẹ̀ ni Bọ̀dá Làsísì ní Bàrígà níbí. Lórí ilẹ̀ ẹbí wọn ni búkà iṣẹ́ mi wà. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan fún ọdún gígùn, wọ́n wá dá a dúró ní ọdún tí àwọn ológun kó ẹrù wọn tí ìjọba alágbádá wọlé. O rántí àsìkò yẹn. Gbogbo ènìyàn ní òpópónà wa ló ní ohun tuntun tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá Làsísì ní tòun, ìwọ̀ lòun fẹ́ máa jù sínú ọ̀sà láàárọ̀, kí òun má baà máa jókòó sílé bí arúgbó.

Ó wá sí búkà mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ọkùnrin ńlá ni nígbà náà. Bí ó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ǹṣì, ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì yóò fẹ́ẹ̀ dìde. Tírélà ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é lẹ́yìn, ó sì mọ̀. Ó ti jáwọ́ nínú lílọ wo bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ènìyàn nítorí rẹ̀. Ó wo àwọn ọkọ̀ tó wà nílẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọ̀kan tí mo kàn fún apẹja tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò padà wá gbé e. Ó ní, "Èyí ni mo fẹ́."

Mo wo ọkọ̀ náà. Mo wo òun náà. Mo mọ̀ pé kò lè gbà á. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ọkọ̀ tó yẹ kí n kàn fún un gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà kan fẹ̀ ju ìyẹn lọ. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin mẹ́ta jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń ta ayò, mo sì mọ̀ pé bí mo bá ní "Ẹ wúwo ju èyí lọ, sà," wọn yóò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà yóò sì kárí Bàrígà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo tún rò ó pé ọmọ onílẹ̀ ni. Mo tún rò ó pé ọkọ̀ náà ti pẹ́ lọ́rùn mi. Gbogbo èyí kọjá lọ́kàn mi kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Mo ní, "Ẹ ṣe é, sà. Ó yẹ yín."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ tó máa ń ṣáájú òjò bá a ní àárín ọ̀sà, lápá ibi tí afárá gígùn wà. Ó dìde láti fa okùn ìwọ̀ rẹ̀ wọlé, ọkọ̀ sì yí lábẹ́ rẹ̀. Okùn náà wé mọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìgbì ń gbé ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ ń fa okùn, okùn ń gé ọwọ́. Àwọn tó ń wa yanrìn ló rí i nígbà tí wọ́n ta ìgbòkun bọ̀ wálé. Wọ́n gé okùn, wọ́n gbé e sórí yanrìn nínú ọkọ̀ tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ló wá bá mi ní búkà, ó ní ọkọ̀ tí mo kàn ti dojú dé, àwọn sì ti gbé ọkùnrin náà lọ sí ọsibítù.

Èmi àti ìyá rẹ lọ kí i ní ọjọ́ kejì. Wọ́n ti gé ìka méjì náà. Omi ṣì ń dún nínú àyà rẹ̀ bó bá mí. Ìyá rẹ bu ọbẹ̀ ẹja fún un, kò lè mu ún. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Káfíńtà, má jẹ́ kó dùn ọ́. Ọkọ̀ rẹ dára. Èmi ni mo sanra jù."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ọlọ́run ló yọ yín." Lẹ́yìn náà a kúrò níbẹ̀.

Láti ìgbà náà kò tún sún mọ́ omi mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ebi pa ara rẹ̀. O rí i bí ó ṣe gbẹ. Ìwọ fúnra rẹ béèrè lọ́wọ́ mi nígbà kan bóyá àìsàn ń ṣe é. Àwọn ènìyàn ń kí i pé ó ti rẹwà. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá ní Onípanu, yóò pè mí, yóò bi mí léèrè ìwọ àti ìyá rẹ, yóò sì tún síìpù tí mo bá mú wá ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún mẹ́fà. N kò sọ nǹkan kan.

Nítorí náà, nígbà tí mo yí bébà rẹ padà tí n kò rí ìwọ̀n ara rẹ, òun ni mo rí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń mú bírò tí mo ń gbé e sílẹ̀. Mo rò ó pé, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ òótọ́ fún ọmọ tó wà ní Gánà nígbà tí ẹni tó wà ní Onípanu kò tíì gbọ́ tirẹ̀?

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n kí ìrun tán, mo lọ bá a. Ó jókòó sábẹ́ agboòrùn rẹ̀, báàgì iléèwé kan wà lórí itan rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Mo ní n kò ní jókòó.

Mo ní, "Bọ̀dá Làsísì, ọkọ̀ yẹn kò gbà yín. Mo mọ̀ kí ẹ tó gbé e. N kò sọ fún yín."

Kò gbé orí sókè. Ó fa síìpù báàgì náà lọ, ó fà á bọ̀, lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "O mọ̀?"

Mo ní, "Mo mọ̀, sà."

Ó béèrè ìdí tí n kò fi sọ. Mo ní ojú ń tì mí láti sọ ọ́ níwájú àwọn ènìyàn. Ó béèrè àwọn tó jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo dárúkọ wọn. Ọ̀kan ti kú. 

Ó ní, "Wọn ì bá rẹ́rìn-ín. Ǹ bá bínú. Ǹ bá dìde, kí n máa lọ sílé." Ó wá gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó wò ó bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. "Ǹ bá sì ní ìka mẹ́wàá."

Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní kí n dìde, pé àwọn oníbàárà ń wo òun. Kò ní òun dárí jì mí, n kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún mi pé ti ìka kọ́ ló dun òun jù. Ìka ti jinná. Ọdún mẹ́fà lòun fi ń bú ara òun bí òun bá ń wẹ̀, tí òun ń bá oúnjẹ jà, nítorí ọkọ̀ tí kò tó.  Oníbàágì wá gba báàgì rẹ̀ lọ.

Mo sọ fún un nípa rẹ àti pátákó náà. Ó béèrè bóyá o ti ń ṣe é dáadáa. Mo ní o ní o ń gbìyànjú. Ó ní, "Kọ ọ́ sí i. Má fi ọ̀rọ̀ dídùn wé e."

Mo padà sílé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan láti apá Ìkòròdú wá wo ọkọ̀ tó ní kí n kàn fún òun. Tẹ́ẹ́rẹ́ ló ní òun fẹ́ ẹ, mo sì ti gbà, mo ti ń la pákó rẹ̀. Ọkùnrin náà nípọn, ó sì ti sọ fún mi pé òun àti ìyàwó òun ni yóò máa wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹrù. Àwọn ènìyàn jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ yìí náà. Mo sọ fún un pé ara rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ wúwo ju ọkọ̀ náà lọ, pé bí n kò bá mú un fẹ̀, n kò ní kàn án. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bínú. Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun ti ń wa ọkọ̀, kì í ṣe èmi ni n óò kọ́ òun. Ó ní kí wọ́n kó pákó òun lọ bá káfíńtà tó wà nísàlẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ìyá rẹ bi mí bóyá n kò lè sọ ọ́ kó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní èyí tó rọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ sọ fún Làsísì. Búkà mi ṣófo báyìí, òun náà ni mo ṣe rí àyè kọ lẹ́tà gígùn.

Obìnrin tó fẹ́ ta pátákó fún ọ lè jẹ́ ènìyàn rere. Èmi náà ń pe ara mi ní ènìyàn rere lọ́jọ́ yẹn. Ó lè ti wò ọ́, kó sì mọ̀, kó wá ní "ó yẹ ọ́" nítorí pé kò fẹ́ kí ojú tì ọ́. Má fi ẹ̀mí rẹ sí ọwọ́ ìtìjú ẹlòmíràn. Sọ kílò rẹ fún òun náà, kí o wo ojú rẹ̀.

Ohun tí n óò wá bí èmi bá jẹ́ ìwọ nìyí: èyí tó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́wàá, tó fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́tàdínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó tẹ́, tí kò sì rọ̀ jù bí o bá tẹ̀ ẹ́ láàárín. Olùkọ́ rẹ mọ̀ ju èmi lọ, òun ni kó sọ èyí tó péye nígbà tó bá gbọ́ kílò rẹ. Yá a lò fún ọjọ́ mẹ́ta nínú afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́, kí o tó rà á. Bí o bá ń dìde láì jà, tí o sì ń rọra lọ láì rì, òun náà nìyẹn. Bí kò bá sí irú rẹ̀ ní tòsí, kí olùkọ́ rẹ ya ìwọ̀n rẹ̀ fún mi. Mo ní pláíwúùdù tó dára nílẹ̀, n óò lẹ̀ ẹ́, n óò kùn ún, awakọ̀ yẹn yóò sì gbé e wá. Kò ní lẹ́wà bí ti òyìnbó.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí o máa jẹun. Ó ti ka lẹ́tà yìí, ó sì ní kí n yọ ibi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀bọ̀ kúrò, pé yóò dùn ọ́. Mo fi í sílẹ̀. Bí ó bá dùn ọ́, tí o fẹ́ bínú sí mi, bínú. O lè má kọ lẹ́tà sí mi fún oṣù méjì, n óò dúró dè ọ́. Ṣùgbọ́n má ra pátákó yẹn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.